Àmì Kan Ṣoṣo Níwájú Àkókò

Bí ẹ bá fẹ́ rí ẹni tí ìmọ́lẹ̀ ń bọ́, tí kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ gílóòbù iná, ẹ wá Murdo Farquhar lọ sí yunifásítì Kilbride Falls ní Ontario. Ọ̀jọ̀gbọ́n físíìsì ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó dúró síwájú pátákó, kó fi ìṣirò sọ ohun tí ìmọ́lẹ̀ yóò ṣe bí a bá há a mọ́ inú gíláàsì tó kéré ju irun orí lọ. Òun fúnra rẹ̀ kì í fọwọ́ kan gíláàsì ọ̀hún. Lọ́jọ́ kan tó wọ láàbù Bev Olynyk, tí ọ́fíìsì wọn dojú kọra, ìgúnpá rẹ̀ gbá ohun èlò kan dànù. Láti ọjọ́ náà ni Bev ti fòfin dè é pé ẹnu ọ̀nà ni kó ti máa bá àwọn sọ̀rọ̀.

Ọmọ awakùsà ni Murdo, láti Cape Breton. Bí wọ́n bá ń kí i níbi àsè, wọ́n á ní bàbá ń walẹ̀ nínú òkùnkùn, ọmọ wá ìmọ́lẹ̀ lọ. Ó kórìíra ọ̀rọ̀ yẹn bí nǹkan míì. Ó ní ìṣirò ló dùn mọ́ òun, pé ìmọ́lẹ̀ kàn jẹ́ ohun tí ìṣirò náà bá lára mu ni. Ó gboyè ọ̀mọ̀wé, ó ṣe ọdún méjì níhìn-ín, ọdún mẹ́ta lọ́hùn-ún, torí bí àwọn ọ̀dọ́ onífísíìsì ṣe máa ń kó ẹrù kiri nìyẹn, kó tó di pé Kilbride Falls fún un níṣẹ́ gidi. Ibẹ̀ ló ti rí ìlà ìṣirò kan tí ayé fi orúkọ rẹ̀ pè, Ìlà Farquhar. Kò tún ṣe ohun tó tó bẹ́ẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ìgbà náà, ó sì mọ̀. Ó kọ́ni, ó jókòó nínú ìgbìmọ̀, ó ka iṣẹ́ ẹlòmíì, ó tọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ oníwàádìí jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Renske Boonstra ni yóò ṣe ìkẹyìn wọn. Bí Renske bá ti gboyè, Murdo á fẹ̀yìn tì.

Ọmọ olóko màlúù ni Renske, láti ìhà gúúsù. Ó ga, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó sì máa ń jí kí ẹyẹ tó jí torí wàrà tó fún láti kékeré. Iṣẹ́ tó ń ṣe kò le láti sọ. Ẹ mú òrùka gíláàsì tíntìntín méjì, ẹ so wọ́n pọ̀, ẹ rọ ìmọ́lẹ̀ sí i láti ọ̀tún àti òsì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìlà Farquhar ní bí àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ náà bá bá a mu gẹ́lẹ́, èyí tó máa jáde á pọ̀ ju èyí tó wọlé lọ, á máa pọ̀ sí i ṣáá. Orí kẹrin ìwé rẹ̀ nìyẹn, òun sì ni ọkàn iṣẹ́ náà. Nítorí orí kẹrin yìí ni ilé iṣẹ́ kan ní Colorado ṣe ti fún un níṣẹ́ sílẹ̀, pé kó máa bọ̀ tó bá ti di Dókítà.

Wàhálà kan ló wà níbẹ̀. Bev, ẹnjiníà tí kò fi ọ̀rọ̀ ṣeré, ti ṣe òrùka yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni kò sì ṣiṣẹ́. Bó bá ti dé àwọ̀ tí ìṣirò wí, òkùnkùn ni wọ́n ń rí. Kò sí nǹkan tó ń jáde.

"Ọwọ́ yín ló dọ̀tí," Murdo á wí láti ẹnu ọ̀nà. "Ẹ fọ gíláàsì yẹn dáadáa."

"Ìwọ tí o kò lè ṣí agolo ẹ̀wà," Bev á dá a lóhùn. "Ìṣirò rẹ ni kóo lọ fọ̀."

Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá ara wọn fà á fún ọdún méjì, wọ́n á sì tún jọ lọ mu kọfí. Wọ́n fi ohùn ṣọ̀kan pé kí Renske gbèjà iṣẹ́ rẹ̀ níwájú àwọn olùdánwò gẹ́gẹ́ bí ìṣirò nìkan. Tí gíláàsì bá gbọ́n lẹ́yìn ọ̀la, kí gíláàsì wá bá wọn.

Ọjọ́ Ẹtì ni ọjọ́ ìgbèjà. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ náà, Murdo ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá pẹ̀lú kọ́ọ̀bù kọfí rẹ̀, Bev sì ń kọ́ kíláàsì tirẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ torí híítà tó ń gbóná lódìlódì. Murdo wo pátákó rẹ̀ bí ẹni ń wo fèrèsé aládùúgbò. Ó rí àmì kan. Ó rìn díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ló dúró, kọfí dà sí i lọ́wọ́, kò tilẹ̀ mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, kò ní pẹ́. Nínú ìṣirò ìmọ́lẹ̀, àmì kan wà tí à ń kọ síwájú àkókò. Onífísíìsì á kọ àmì àyọkúrò. Ẹnjiníà á kọ àmì àròpọ̀. Kò sí èyí tó burú nínú méjèèjì. Ìlú kan ń wakọ̀ lápá ọ̀tún, ìlú kejì ń wa tirẹ̀ lápá òsì, oníkálukú sì ń délé. Ìjàm̀bá ò sí, àfi bí ẹnì kan bá gbé àṣà ìlú kan wọ títì ìlú kejì. Àmì yìí ló ń sọ bóyá gíláàsì ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì ni tàbí ó ń sọ ọ́ di púpọ̀. Gbogbo onífísíìsì ló mọ̀ ọ́n, wọ́n sì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ara wọn. Nọ́ńbà gíláàsì tó wà nínú iṣẹ́ Renske, láàbù Bev ni wọ́n ti gbà á, àwọn ẹnjiníà ló wọ̀n ọ́n. Ta ló sì gbà á? Murdo ni. Ní ọdún tí Renske dé, òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìṣirò, tó ní, "Ibí yìí ti dára, má yọ ara rẹ lẹ́nu láti tún un wò." Kò yí àmì rẹ̀ padà.

Ó wọ ọ́fíìsì, ó tilẹ̀kùn, ó ṣe ìṣirò náà lórí pátákó. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Gíláàsì tí wọ́n ní ó ń bí ìmọ́lẹ̀, ńṣe ló ń gbé e mì. Orí kẹrin dojú dé láti òkè dé ìsàlẹ̀. Òkùnkùn tí Bev ń rí láti ọdún méjì, òun gan-an ni ìdáhùn. Bev kò dọ̀tí lọ́wọ́.

Ẹ̀rù ba Murdo. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé torí ọmọ yẹn nìkan ni. Òótọ́ ni pé àánú Renske ṣe é, iṣẹ́ Colorado ń dúró, àwọn òbí rẹ̀ ti wá ẹni tó máa bá wọn fún wàrà lọ́jọ́ Ẹtì. Àmọ́ orúkọ tirẹ̀ ló kọ́kọ́ rò. Ẹ̀ka ń ṣètò àpérò ìfẹ̀yìntì fún un, àwọn èèyàn á ti ọ̀nà jíjìn wá. Ṣé àmì tí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì kì í ṣì kọ ni wọ́n máa fi dágbére fún un? Ojú tì í, nínú yàrá tí kò sí ẹlòmíì.

Kò tíì nu pátákó náà tán tí Renske fi kanlẹ̀kùn.

"Prọ́f, ẹ kú iṣẹ́. Mo ní kí n yà. Ṣé kò sí nǹkan tó yẹ kí n tún wò kó tó di ọjọ́ Ẹtì?"

Dọ́sítà tó fi ń nu pátákó ṣì wà lọ́wọ́ Murdo. Ó wo ọmọbìnrin náà. Gbólóhùn kan ló ń bẹ lẹ́nu rẹ̀, kò wúwo rárá, ì bá ti sọ ọ́ kí ó tó mí.

"Kò sí nǹkan kan," ni Murdo wí. "O ti múra tó. Lọ sùn."

"Ó dá yín lójú?"

"Renske, lọ sùn, jàre."

Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ. Murdo jókòó. Ó ní lẹ́yìn ìgbèjà lòun máa sọ fún un, tó bá ti di Dókítà tán, àwọn á jọ tún un ṣe jẹ́jẹ́ kó tó di ìwé títẹ̀. Gbogbo èèyàn tó ń pa nǹkan mọ́ ló máa ń ní irú ètò dáadáa bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì dé, yìnyín bo ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ìyá àti bàbá Renske jókòó sẹ́yìn, bàbá wọ kóòtù tó ti kéré mọ́ ọn, ó gbé ọwọ́ ńlá méjèèjì lé orúnkún bí ẹni wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Meera Sundaram, ọ̀jọ̀gbọ́n kẹ́mísírì, ló ṣe alága, torí àṣà ibẹ̀ ni pé kí alága ti ẹ̀ka mìíràn wá. Hervé Thibodeau sì ti Québec wá gẹ́gẹ́ bí olùdánwò láti òde, arúgbó kúkúrú kan tó máa ń jẹ súìtì míǹtì nígbà gbogbo. Murdo àti Bev jókòó síbi tábìlì kan náà.

Renske sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó dúró ṣinṣin, kò sáré, kò kólòlò. Bàbá rẹ̀ tí kò gbọ́ ọ̀kan nínú rẹ̀ ń mi orí. Nígbà tó parí, Thibodeau ju míǹtì kan sẹ́nu.

"Ọmọ mi, o ṣeun. Ìbéèrè tí a fi ń kí ara wa ni mo kọ́kọ́ máa bi ọ́. Àmì wo lo kọ síwájú àkókò?"

Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín, torí bí wọ́n ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, bí ẹni béèrè pé ṣé dáadáa lẹ jí.

"Àyọkúrò, sà," Renske wí. "Onífísíìsì ló tọ́ mi."

"Ó dáa. Nọ́ńbà gíláàsì ńkọ́?"

"Láàbù Prọ́f Olynyk ló ti wá."

"Àwa?" Bev wí, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. "Àròpọ̀ làwa ń..." Ẹ̀rín náà kú mọ́ ọn lẹ́nu.

Renske kọjú sí pátákó, ó dúró bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń rí. Lẹ́yìn náà ló mú ṣọ́ọ̀kì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà lọ́jọ́ náà, ó ń wo tábìlì. Ìlà lórí ìlà ni ọmọ yìí ṣe ìṣirò náà níwájú gbogbo wọn, níwájú ìyá rẹ̀, títí ó fi dé ìlà tó kẹ́yìn. Ó gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, ó yíjú padà. Ó ti funfun bí ògiri.

"Orí kẹrin mi dojú dé," ni ó wí. "Kì í pọ̀ sí i. Ó ń gbé e mì ni. Ẹ má bínú, n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀."

Meera ní kó bọ́ síta díẹ̀, òun àti ẹbí rẹ̀. Ilẹ̀kùn tì. Thibodeau fọwọ́ bojú.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dán àwọn ọmọ wò," ó wí. "N kò tíì rí ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ wó ilé rẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn. Háà! Kí la máa ṣe?"

"Mo ní láti béèrè nǹkan kan kí n lè kọ ọ́ sílẹ̀," Meera wí, ó kọjú sí Murdo. "Ọ̀jọ̀gbọ́n Farquhar, ṣé ẹ mọ̀ nípa àṣìṣe yìí kí a tó wọlé?"

Bev gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lẹ́nu. "Báwo ló ṣe máa mọ̀? Èmi tí mo wọn nọ́ńbà yẹn gan-an kò mọ̀. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ̀. Àbí, Murdo?"

Ọ̀nà ti là fún un. Àbí tí Bev sọ yẹn tó. Kó kàn mi orí lásán, ọmọ náà á lọ tún iṣẹ́ ṣe, òun á sì lọ sí àpérò ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Ó la ẹnu, ó sì gbọ́ ohùn ara rẹ̀.

"Mo mọ̀. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun."

"Murdo," Bev wí.

"Èmi ni mo kọ nọ́ńbà yẹn sí i. Mo ní kó má tún un wò. Mo rí i lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó wá bi mí bóyá nǹkan kù, mo ní kò sí. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀."

Bev wò ó bí ẹni wo àjèjì. "O jókòó tì mí," ó wí, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, "láti àárọ̀, o jókòó tì mí. O sì ń sọ fún mi pé ọwọ́ mi dọ̀tí fún ọdún méjì."

Ìgbìmọ̀ sọ ọ́ láàárín ara wọn, Murdo náà sì jókòó gbọ́ ọ. Renske kò jábọ́. Kó lọ kọ orí kẹrin lákọ̀tun, kó padà wá ní ìgbà ẹ̀rùn. Bev ni yóò máa tọ́ ọ. Murdo kì í ṣe alábòójútó rẹ̀ mọ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ ló tọ́.

Nígbà tó jáde, Renske dúró lẹ́bàá ẹ̀rọ omi, Meera sì ti sọ fún un. Ìyá rẹ̀ di apá rẹ̀ mú.

"Ẹ mọ̀?" Renske wí.

"Mo mọ̀."

"Mo bi yín."

"O bi mí."

"Ẹ ní kí n lọ sùn." Omi bọ́ lójú rẹ̀, inú sì bí i pé ó bọ́. "Mo sùn o! Mo sùn dáadáa, torí ẹ̀yin lẹ sọ ọ́. Bí ẹ bá sọ fún mi, ọjọ́ mẹ́ta, màá ti tún un ṣe. Ẹ mọ̀ pé màá ti tún un ṣe!"

Òótọ́ ni. Murdo kò tilẹ̀ rò ó rí títí di ìṣẹ́jú yẹn, pé ọmọ náà lè tún un ṣe. Ó tọrọ àforíjì. Bàbá Renske wá síwájú, ó wò ó, kò bú u. Ó gba báàgì ọmọ rẹ̀, wọ́n sì lọ.

Colorado ní àwọn kò lè dúró. Wọ́n fún ẹlòmíì níṣẹ́ náà.

Murdo ní kí wọ́n fagi lé àpérò ìfẹ̀yìntì. Àwọn kan ní ó ṣe é jù, àwọn kan ní ó kéré. Èmi ò mọ̀ nínú méjèèjì. Ó ṣáà ń wá síṣẹ́ lójoojúmọ́, ó ń kọ́ kíláàsì rẹ̀, kò sì béèrè bí Renske ṣe ń ṣe lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bev kò bá a mu kọfí fún oṣù mélòó kan. Lọ́jọ́ kan ló kàn ṣílẹ̀kùn.

"Ó ti ń gbé e mì," ó wí. "Gbogbo rẹ̀, láìku ẹyọ kan. Gíláàsì tí mo fẹ́ dà nù yẹn ni. Ọmọ yẹn ṣe ìṣirò rẹ̀, ó sì bá ti láàbù mu wẹ́kú. Mo ní kí n sọ fún ọ, kì í ṣe pé inú mi ti yọ́ sí ọ o."

"O ṣeun," ni Murdo wí.

"Lọ jẹun. O ti rù."

Ìgbà ẹ̀rùn, ìgbèjà kejì. Gbogbo èèyàn ló lẹ́tọ̀ọ́ láti wọlé gbọ́, Murdo sì jókòó sí ìlà ẹ̀yìn pátápátá. Kò pẹ́ rárá. Thibodeau béèrè àmì, Renske dáhùn, ó sì sọ ibi tí gbogbo nọ́ńbà ti wá lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó bi í. Wọ́n ní kó bọ́ síta, wọ́n tún pè é wọlé, Meera sì ní, "Dókítà Boonstra." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Táàtì bọ́tà, kéèkì òyìnbó tó dùn, àti wáìnì wà ní yàrá kejì, àwọn èèyàn sì ń wọ́ lọ síbẹ̀. Murdo dúró kí wọ́n lọ tán. Ó rò pé òun á yọ́ gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn.

Renske ló padà wọlé.

Àwọn méjèèjì nìkan ni. Ó ti gbé kóòtù lé apá, báàgì wà léjìká, ariwo ẹ̀rín ń bọ̀ láti yàrá kejì.

"Dókítà," Murdo wí. "Mo yọ̀ fún ọ."

Kò dúpẹ́. "Mo fẹ́ bi yín nǹkan kan, Prọ́f. Kí lẹ tún mọ̀ tí ẹ kò tíì sọ fún mi?"

"Nípa kí ni?"

"Iṣẹ́ mi. Ohunkóhun."

Wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ lọ́hùn-ún, pé kó wá gé táàtì. Òní ni ọjọ́ rẹ̀, ìyá rẹ̀ ti dé fìlà aláwọ̀ búlúù tuntun. Murdo mọ̀ pé kò sí olóòótọ́ kan láyé tó máa bá a wí bó bá sọ pé kò sí nǹkan.

"Orí kejì," ó wí. "Ibi tí a ti jẹ́ kí iye òrùka máa pọ̀ lọ láìlópin. Mo sọ fún ọ pé ó ṣeé ṣe. Mo ti ń sọ ọ́ fún gbogbo èèyàn fún ọgbọ̀n ọdún, Ìlà Farquhar dúró lé e lórí. Kò dá mi lójú rí, Renske. Mo gbìyànjú láti fi hàn, n kò rí i ṣe, mo wá dákẹ́. Ó lè má rí bẹ́ẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, mo gbé, àmọ́ ìwé rẹ náà á nílò àtúnṣe."

Renske wò ó, ojú rẹ̀ le. Ẹnì kan yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Dókítà, gbogbo èèyàn ń dúró dè ọ́ o!"

"Mò ń bọ̀," Renske wí láì yíjú. "Ẹ máa gé e lọ."

Ó gbé báàgì rẹ̀ sórí àga, ó ju kóòtù lé e, ó sì lọ nu pátákó náà mọ́.

"Ó yá, ẹ wá fi ibi tó ti há yín hàn mí."